Inú Dídùn Tí Mo Kọ Sórí Káàdì Àǹtí Mi

Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun pẹ́, n kò lè gbé e mì mọ́, n kò sì fẹ́ kí ó bá mi dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ máa kà á, ẹ má ṣe wá ibi tí mo ti ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn mí pé mo tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi nígbà àìsàn rẹ̀, pé irú àbúrò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ìyìn náà sì ń yún mi lára bí aṣọ tí wọn kò fọ ọṣẹ kúrò nínú rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ nìyí: èmi ni mo tì í débi tó dé. N kò fi ọwọ́ tì í. Bírò ni mo fi tì í, díẹ̀díẹ̀, fún odidi oṣù méjì, mo sì ń gbádùn rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é.

Yàrá kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń sùn. Àǹtí mi ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, ara ògiri ilé kejì ló sì dojú kọ, ó sún mọ́ ọn débi pé tí mo bá na ọwọ́ síta, màá kan ewéko tútù tó hù sára bíríkì. Màmá wa ń sùn ní pálọ̀. Àwa méjèèjì la tètè fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àǹtí mi kò bá ìwé ṣọ̀rẹ́ mọ́ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n èmi ń yá ìwé ìtàn kiri, mò ń kà á lórí ìdúró, mò ń kà á nídìí ìkòkò títí ìrẹsì á fi jóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Alálàá. Tí lẹ́tà bá dé, tàbí tí fọ́ọ̀mù kan bá wà láti kọ, wọ́n á ní, "Ẹ pe Alálàá wá." Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ìtajà ńlá kan tó jẹ́ alájà mẹ́rin ni Àǹtí mi ti ń ta ìpara àti lọ́fíńdà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí díńgí yí gbogbo ògiri ká. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó lè ta ìpara fún ẹni tó wá ra ìgbálẹ̀. Ìgbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni irorẹ́ bò ó lójú, kì í sì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ̀ kó lọ. Ó le, ó pọ́n, ó ń ṣọyún, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì títí dé ọrùn. Ọ̀gá wọn pè é lọ́jọ́ kan, ó ní, "Arábìnrin, má bínú o, ta ni yóò ra ìpara ojú lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ń bá a jà?" Ó gbé e lọ sẹ́yìn, sí yàrá ìkẹ́rùsí, kó máa tú páálí. Ọjọ́ yẹn ló yí díńgí yàrá wa kọjú sí ògiri.

Ní tèmi, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di fítámì sínú ìgò ni mo wà. Tábìlì onígíláàsì kan wà níbẹ̀ tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á da hóró fítámì A sórí rẹ̀, èmi yóò sì máa ṣa àwọn tí kò gún kúrò. Yẹ́lò ni wọ́n, wọ́n rọ̀, epo wà nínú wọn, tí iná bá sì gba inú wọn kọjá, wọ́n á dà bí oyin tí wọ́n rán mọ́ inú awọ. Àwọn tó wọ́ là ń pè ní abuké. Wọn kì í tà wọ́n. Àpò kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí à ń dà wọ́n sí kí wọ́n tó lọ sun wọ́n, gbogbo wa la sì ń bù níbẹ̀ tí ọ̀gá bá ti yíjú. Ọ̀rẹ́ mi tó ń jókòó sí òdìkejì tábìlì ló kọ́kọ́ dá a lábàá. Ó ní, "Alálàá, bu díẹ̀ fún Àǹtí rẹ. Ó ń mú ojú dán. Wo tèmi." Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n òógùn ni. Síbẹ̀ mo bù ú. Hóró kan ni mo kọ́kọ́ ń fún Àǹtí mi láàárọ̀. Nígbà tí n kò rí àyípadà, ó di méjì. Lẹ́yìn náà ó di mẹ́rin.

Kò sí àyípadà, la bá gba ilé ìwòsàn awọ ara lọ. Dókítà fi iná kékeré wo ojú rẹ̀, ó ní irorẹ́ yìí ti kọjá ohun tí ìpara lè ṣe, òun yóò fún un ní hóró kan tó lágbára. Nọ́ọ̀sì kan tó ń lo awò ojú, tí ohùn rẹ̀ kì í ga, mú wa wọ yàrá kékeré kan. Ó sọ̀rọ̀ nípa oyún tí kò gbọ́dọ̀ sí, nípa ètè tí yóò máa bó. Ó wá ní, "Ṣé kò sí fítámì kankan tó ń lò?" Àǹtí mi wo ojú mi, torí èmi ni mo máa ń bá a dá àwọn onílé ìwòsàn lóhùn. Mo rò ó pé tí mo bá ní ó wà, wọ́n á ní ká lọ sinmi oṣù mélòó kan ká tó padà wá, wọ́n á sì bi mí níbi tí mo ti rí i. Mo ní, "Rárá o, mà." Irọ́ kìíní nìyẹn. Kò tilẹ̀ wúwo lẹ́nu mi.

Wọ́n fún wa ní ìwé pélébé kan pé ká kà á délé. Èmi ni mo kà á, nínú ọkọ̀. Ó wà níbẹ̀ kedere pé ìdílé kan náà ni oògùn yìí àti fítámì A ti wá, pé ẹni tó bá ń lo ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ fi èkejì kún un. Ó tún wà níbẹ̀ pé ìsoríkọ́ ń dé bá àwọn kan tó ń lò ó, pé àwọn oníṣègùn kò tíì fẹnu kò lórí bóyá òun ló ń fà á, àmọ́ kí èèyàn tètè wí tí inú rẹ̀ bá ń bàjẹ́. Àǹtí mi ní, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ máa mu omi dáadáa." Mo fi ìwé pélébé náà sáàárín ìwé ìtàn tí mò ń kà, mo fi ń ṣàmì ojú ewé. Ẹ óò bi mí pé kí ló dé. Hóró abuké wọ̀nyẹn, èmi ni mo mú wọn wálé. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé tí ojú rẹ̀ bá dára, apá kan nínú rẹ̀ á jẹ́ tèmi. N kò dá abuké dúró.

Wọ́n sì fún wa ní káàdì kan. Àpótí kékeré kan wà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú mẹ́ta wà nínú àpótí náà: ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan wò sùn-ùn, ọ̀kan ń sunkún. Èèyàn yóò fàmì sí èyí tó bá bá ọkàn rẹ̀ mu, yóò sì kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀. Àǹtí mi jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. "Gbà, akọ̀wé. Máa bá mi kọ ọ́." Ní oṣù àkọ́kọ́ mo máa ń bi í, ohun tó bá sì sọ ni mò ń kọ. Ó dáa. Ó rẹ̀ mí. Ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ ni mo fi tèmi kún un, mo kọ pé, "Òjò rọ̀, ọkàn mi náà sì rọ̀." Nígbà tí a padà lọ, nọ́ọ̀sì ń ka káàdì lọ bí ẹni tó ń ka iye ọjà, àfi bó ṣe débẹ̀ tó dúró. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ èyí? Ó dùn bí ìwé ìtàn!" Mo kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni kò tíì ka nǹkan tí mo kọ kó rẹ́rìn-ín. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó kún fún ìwé ìtàn, ó ṣí i, ó mú ọ̀kan fún mi. "Dá a padà tí ẹ bá tún wá. Má sì jẹ́ kí káàdì yìí gbẹ o."

N kò jẹ́ kó gbẹ. Ní oṣù kejì ojú Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ètè rẹ̀ bẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń bó bí ẹ̀pà tí wọ́n sun, orí ń fọ́ ọ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ojú mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ dá a padà sáàárín àwọn díńgí. Màmá wa di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú ní pálọ̀, wọ́n ní, "Ojú ọmọ mi ti àjò dé!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì yí díńgí wa padà. Mo rí i pé kò yí i padà. Ó ní, "Alálàá, ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n fi aṣọ tútù bò mí lórí. Mò ń gbọ́ yín, àmọ́ láti ọ̀nà jíjìn." Mo fa bírò yọ, mo kọ pé, "Mo jí pẹ̀lú orin lẹ́nu." Mo fàmì sí ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni mo kọ, wọ́n á dá oògùn dúró, ìrìnàjò wa sílé ìwòsàn á dúró, kọ́bọ́ọ̀dù á sì tì. Bí mo ṣe kéré tó nìyẹn. Nítorí ìwé ìtàn kan lóṣù.

Mo wá di ọ̀jáfáfá. Mo ń lo bírò aláwọ̀ búlúù, dúdú, búlúù, kó má bàa hàn pé ìjókòó kan ni mo fi kọ odidi ọ̀sẹ̀. Mo gbé ife tíì lé e lẹ́ẹ̀kan kó lè ní àpá. Àwọn gbólóhùn tó bá dùn mọ́ mi, mo ń dà wọ́n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tèmi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n má ṣe gbàgbé ohun tí mo fi wọ́n rọ́pò, mo ń kọ ohun tí Àǹtí mi sọ gan-an lọ́jọ́ náà, ní kúkúrú, bí èèyàn ṣe ń kọ orúkọ èlò ọbẹ̀. N kò mọ ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹ̀rí ọkàn mi ló ń fi ọwọ́ mi kọ̀wé.

Ní oṣù kẹta kò fẹ́ jẹun mọ́. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò dojú kọ fèrèsé tó dojú kọ ògiri. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ó ní, "Tí mo bá sùn tí n kò jí, ẹ má fi ariwo dà mí láàmú." Ọwọ́ mi wà nínú omi, mò ń fọ abọ́. Mo ní, "Ẹ dákẹ́ jàre, Àǹtí mi." Ó dákẹ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí mo máa gbé dé inú ibojì. Ó ní, "Ṣé o ń kọ ọ́ sórí káàdì yẹn, gbogbo ohun tí mò ń sọ? Ṣé nọ́ọ̀sì ń rí i?" Mo ní, "Ó ń rí i." Ó ní, "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní yóò kọjá." Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Àǹtí mi rò pé òun ti ké, pé wọ́n sì ti gbọ́ igbe òun, pé ìdáhùn wọn ni pé kó máa lọ. Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì ló yẹ ká padà sílé ìwòsàn. Ní Ọjọ́rú, nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo parí káàdì nídìí tábìlì iná, mo kọ ti ọjọ́ náà, mo sì kọ ti Ọjọ́bọ̀ tí kò tíì mọ́. Mo fẹ́ kí ti ìkẹyìn dùn jù lọ. Mo kọ pé, "Lónìí, ojú ọ̀run sún mọ́ mi bíi pé mo lè fọwọ́ kàn án." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo délé, mo fi káàdì sínú báàgì Àǹtí mi. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ní ọ̀sán gangan, Àǹtí mi fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́fíńdà lọ́wọ́, ó gun àtẹ̀gùn dé orí òrùlé ilé alájà mẹ́rin yẹn, ó jókòó sí etí rẹ̀. Baba tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló tẹ̀ lé e. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bàtà rẹ kan ti já bọ́ sórí mọ́tò ọ̀gá. Jọ̀ọ́, wá bá mi sọ fún un pé kì í ṣe èmi ni mo jù ú." Àǹtí mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rín ló fẹ́ pa òun, pé bí òun ṣe yíjú láti wo baba náà ni wọ́n di òun lọ́wọ́ mú. Wọn kò fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Rárá. Ibi tó burú jù ni ọ́fíìsì dókítà awọ ara lọ́jọ́ kejì. Wọ́n rí káàdì nínú báàgì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Dókítà na ìka sí gbólóhùn ìkẹyìn, ó ní, "Ṣé àárọ̀ àná ló ní kí o kọ èyí?" Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn mi, ó ṣí sílẹ̀. Òótọ́ wà lẹ́nu mi, ó ti dé eyín. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó ní, "Kò sì sọ nǹkan kan fún yín nílé?" Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan, sà." Ó mí kanlẹ̀, ó kọ ọ́ sínú fáìlì. Mo gbọ́ bí bírò rẹ̀ ṣe ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń ti èèyàn mọ́ inú ara rẹ̀ nìyẹn, èmi ni mo sì mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Àǹtí mi lò lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Kò sí hóró dókítà níbẹ̀, kò sí abuké mi níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó ń jẹun. Ó bú nọ́ọ̀sì kan pé tíì rẹ̀ dà bí omi ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, irorẹ́ náà bá a délé. Màmá wa kó gbogbo ọ̀bẹ pamọ́, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mọ́ ọrùn, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹyin sọ̀rọ̀. Dókítà awọ ara ránṣẹ́ pé káàdì ti fi hàn pé oògùn kọ́ ló dà á láàmú, inú rẹ̀ dùn títí dé ọjọ́ náà, a sì lè tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Àǹtí mi gbọ́. Ó ní, "Mo ti rò pé nǹkan kan ló ń ṣe mí. Àṣé èmi gan-an ni nǹkan ọ̀hún." Ó tún ní, "Kí wọ́n fún mi. Bí orí bá tilẹ̀ dàrú, kí ojú dára."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun Màmá jáde, wọ́n sì ti àwa méjèèjì mọ́lé láti ìta. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo wo fèrèsé, ògiri ni. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí mi, mo sọ gbogbo rẹ̀: abuké, ìwé pélébé, káàdì, kọ́bọ́ọ̀dù. N kò fo nǹkan kan. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì kò sọ pé yóò kọjá?" Mo ní kò mọ̀ rárá, pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbá mi létí. Ó dúró, ó tún gbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá jókòó. Ó ní, "Ka ohun tó o kọ fún ọjọ́ tí mo gun òrùlé." Mo kà á. Ó ní, "Ó dùn. Ìwọ ọmọ yìí, ó dùn o. Ó dára. Mú bírò. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì, kí ni mo sọ fún ọ gan-an?" Mo kà á jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. "Kọ ọ́." Mo kọ ọ́ ní kíkún sórí ìwé tuntun. "Ọjọ́ kejì ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí tí kọ́kọ́rọ́ Màmá fi dún nínú ilẹ̀kùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo jẹ́wọ́ abuké fún dókítà awọ ara, ó sì ka ìwé tuntun náà láìgbójú sókè. Ó ní, "N kò lè sọ fún yín pé oògùn ló fà á, n kò sì lè sọ pé òun kọ́. Ṣùgbọ́n ká ní mo rí èyí ní oṣù kejì ni, hóró kan kò ní wọ ẹnu rẹ̀ mọ́." Ó fagi lé ohun tó ti kọ sínú fáìlì, ó sì di ọwọ́ Àǹtí mi mú, ó ní wọn yóò wá ọ̀nà mìíràn fún ojú náà. Nọ́ọ̀sì kò bú mi. Ó kàn ní, "Ìwé mi dà?" Mo gbé e fún un. Ìwé pélébé yẹn ṣì wà láàárín rẹ̀, ní ojú ewé tí mo dé. Ó fà á yọ, ó wò ó, ó sì ti kọ́bọ́ọ̀dù. Mo tún jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé mo ń bu abuké lọ sílé. Mi ò sí nídìí tábìlì iná mọ́.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àǹtí mi níwájú gbogbo ẹni tó bá ka èyí. Ó ti sọ fún mi pé òun kò tíì dárí jì mí, pé kí n má ṣe kánjú òun. N kò kánjú. Mo tọrọ lọ́wọ́ Màmá mi, tí wọ́n ń sunkún nítorí ọmọ tí orí rẹ̀ kò dàrú bí wọ́n ṣe rò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé ju àwọn ará ilé yín lọ, tí wọ́n ń sọ pé ẹ bá àwọn kọ ọ́, ẹ bá àwọn kà á, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé inú òun bàjẹ́, ẹ má ṣe bá a tún un ṣe kó lè dùn létí.

Káàdì tuntun kan wà lára ògiri yàrá wa nísinsìnyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ díńgí. Àǹtí mi ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, bírò kan ṣoṣo ló ń lò. Àná, ó fàmì sí ojú tó wò sùn-ùn, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá tó wọ́ pé, "O rẹ mi. Mo jẹ burẹdi." Kò fi àmì ohùn kankan sórí ọ̀rọ̀ náà. Bírò wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀.